Kì í Ṣe Iye Ìwé ni Ìwọ̀n Ìmọ̀

Ní ìpàdé Ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá, a gbé àbá kan kalẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà ní ìjókòó pàtẹ́wọ́ sí. Àbá náà ni pé, nígbà tí a bá fẹ́ yan ọ̀mọ̀wé tí Ẹgbẹ́ yóò dá lọ́lá, tàbí ọ̀dọ́ tí a ó fi owó àpò ẹ̀kọ́ ràn lọ́wọ́ láti lọ ṣe ìwádìí nínú ìmọ̀ ìṣègùn, kí a ka iye àpilẹ̀kọ tí olúwarẹ̀ ti tẹ̀ jáde. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni kí a mú. Ẹni tí ó gbé àbá náà wá jẹ́ ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún, a sì mọ̀ pé kò ní èrò ibi. Ojúsàájú ni ó ń sá fún, kí a má baà máa yan ọmọ ẹni nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ẹni. Ó ní òǹkà kì í purọ́. Àwa dìde láti fèsì ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì ní kí a kọ èrò wa sínú ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́. Òun ni a ń kọ yìí, a kò sì ní fi ẹnu méjì sọ ọ́: àbá náà kò dára. Bí a bá gbà á, owó tí àwọn bàbá wa fi òógùn ojú kó jọ sínú àpò náà yóò máa bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí kò tọ́ sí.

Ẹ̀yin olóyè wa, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a fi ènìyàn kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí a mú ni Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ará Ireland, tí a bí ní ọdún 1911, tí ó sì kú ní ọdún 1993. Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni oyìnbó ń wá nínú ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ láti gbé ọlá ilẹ̀ wa ró. Ìdáhùn wa kò pọ̀. Àìsàn tí ọkùnrin yìí kọ̀wé lé lórí ni ó mú àwọn ọmọ wa ní Ìbàdàn ju jẹjẹrẹ mìíràn lọ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Àti pé, nígbà tí ó ti kú, kò sí ẹni tí yóò sọ pé a ń polongo fún ẹni tí a fẹ́ kí Ẹgbẹ́ yàn.

Ọmọ ọdún 11 ni Burkitt nígbà tí ó pàdánù ojú rẹ̀ kan. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó kọ́kọ́ lọ kọ́ ní Dublin kí ó tó yà sí ìṣègùn. Nígbà tí ó ní òun fẹ́ wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba àwọn amúnisìn ní Áfíríkà, wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí ojú kan yẹn. Ẹ̀yìn ogun ńlá kejì, ní ọdún 1946, ni ó tó dé Uganda. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni, kì í sì í fi í pamọ́. Ìṣẹ́ abẹ ojoojúmọ́ ni ó ń ṣe ní Lira àti lẹ́yìn náà ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala: ìpákè, egungun tí ó ṣẹ́, ọgbẹ́. Kò sí ẹni tí ó pè é ní oníwàádìí.

Ní ọdún 1957, Hugh Trowell, oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pè é pé kí ó wá wo ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 5, tí párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú ní ọ̀tún àti ní òsì, ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Ohun náà kò yé ẹnikẹ́ni nínú wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ Burkitt lọ sí Jinja, ó yọjú láti ojú fèrèsé, ó sì rí ọmọ mìíràn lẹ́bàá ìyá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ wú bákan náà. Ó sáré jáde, ó yẹ ọmọ náà wò, ó sì rí i pé ìwúlé wà ní inú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó ti padà dé Kampala, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn. Ní ọdún 1958 ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ ti Britain, lórí àwọn ọmọ 38 tí àìsàn náà mú.

Kí ni ayé ṣe sí àpilẹ̀kọ náà? Ayé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bìkítà. Àwọn tí ń kà á kò mọ àìsàn náà, àwọn tí ó mọ àìsàn náà kì í ka ìwé ìròyìn oníṣẹ́ abẹ. Orúkọ tí ó tilẹ̀ fún un kò tọ́ pátápátá: ó pè é ní sarcoma, èyí tí í ṣe jẹjẹrẹ ara àti egungun, kí àwọn tí ń fi awò amóhun-kékeré-tóbi ṣiṣẹ́ ní Kampala tó fi hàn láìpẹ́ sí i pé lymphoma ni, pé inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń gbógun ti àrùn ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ní ìparí ọdún 1958, bí Ẹgbẹ́ wa bá gbé òǹkà rẹ̀ tọ Burkitt lọ, ohun tí yóò bá lórí ọ̀ràn yìí ni àpilẹ̀kọ ẹyọ kan, tí a kì í tọ́ka sí, tí orúkọ àìsàn inú rẹ̀ sì ṣìnà. A bi yín, ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́: ẹ̀yin ìbá fún un ní owó?

Ìjọba fún un ní pọ́ọ̀nù 25. Ó fi í tẹ ìwé pélébé tí àwòrán àwọn ọmọ náà wà nínú rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àti ti míṣọ́nnárì káàkiri Áfíríkà, ó bi wọ́n pé, “Ǹjẹ́ ẹ ti rí irú èyí rí?” Bí ìdáhùn ti ń wọlé, ó ń gún abẹ́rẹ́ sí ojú àwòrán ilẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961, òun àti oníṣègùn míṣọ́nnárì méjì, Ted Williams àti Cliff Nelson, wọ ọkọ̀ Ford àlòkù kan, wọ́n rin nǹkan bí máìlì 10,000 láàárín ọ̀sẹ̀ 10, láti Kampala títí dé gúúsù Áfíríkà àti padà, wọ́n ń dúró ní ilé ìwòsàn kan lẹ́yìn òmíràn. Ohun tí wọ́n rí ni pé àìsàn náà wà níbi tí ilẹ̀ ti gbóná, tí òjò sì ń rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí lórí òkè gíga tí òtútù wà. Nígbà tí a fa ìlà yí i ká, ó dàbí àmùrè tí a dì mọ́ àárín Áfíríkà, ó sì gba ilẹ̀ tiwa kọjá. Ibi tí ẹ̀fọn àti ibà ti ń jọba ni. Lónìí ó dájú pé ibà líle tí ó ń padà wá lemọ́lemọ́ wà lára ohun tí ń ṣí ilẹ̀kùn fún àìsàn náà.

Ìrìn ọ̀sẹ̀ 10 yẹn, lójú ẹni tí ń ka ìwé, kò tó nǹkan. Àpilẹ̀kọ mélòó ni ènìyàn ìbá kọ bí ó bá jókòó sí ìdí tábìlì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10!

Kí ó tó rin ìrìn náà, ní oṣù kẹta ọdún 1961, ó sọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn Middlesex ní London. Àwọn tí ó wá kò pọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Anthony Epstein jókòó sí ẹ̀yìn, kí ọ̀rọ̀ tó parí ni ó ti dá a lójú pé fáírọ́ọ̀sì kan gbọ́dọ̀ wà nídìí ọ̀ràn yìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ òfuurufú kó ẹran ara tí a gé lára àwọn ọmọ náà láti Kampala lọ sí London. Ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni Epstein fi wá fáírọ́ọ̀sì náà, kò rí nǹkan kan. Ẹni tí ó bá gbé òǹkà wọ iyàrá rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1963, òfo ni yóò kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kejìlá, kùrukùru bo London, ọkọ̀ náà yà sí Manchester, ẹrù pẹ́ kí ó tó dé, omi inú ìgò sì ti dòfun bí ẹni pé ó bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ni ìbá dà á nù. Epstein wò ó, ó sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàyè, tí ó ti já kúrò lára ẹran, ni ó sọ omi di bẹ́ẹ̀. Láti ara wọn ni òun àti Yvonne Barr pẹ̀lú Bert Achong, ará Trinidad, ti rí fáírọ́ọ̀sì tí ń jẹ́ Epstein-Barr títí di òní. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n fi kéde rẹ̀ nínú Lancet ní oṣù kẹta ọdún 1964 kò ju ojú ìwé méjì lọ.

Ojú ìwé méjì! Fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ nìyí tí a mọ̀ pé ó ń dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ nínú ènìyàn. Láti ìgbà náà ni a ti rí ọwọ́ rẹ̀ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀yìn imú tí ń pa àwọn ará gúúsù China, àti nínú apá kan jẹjẹrẹ ikùn. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 200,000 ènìyàn ni jẹjẹrẹ tí ó tan mọ́ ọn ń mú lọ́dọọdún ní gbogbo ayé. Burkitt fúnra rẹ̀, láìní ẹ̀rọ ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ ní ìlú òyìnbó, fi oògùn nìkan wo àwọn ọmọ náà, òmíràn nínú wọn sì yè tí àìsàn kò padà. Ìgbà tí àwọn oníṣègùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé oògùn nìkan lè wo jẹjẹrẹ sàn ni èyí ń ṣẹlẹ̀.

Nísinsìnyí a dé ọ̀dọ̀ òǹkà tìkara rẹ̀, nítorí a gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ ní ẹ̀yìn ìpàdé pé bí iye ìwé kò bá tó, kí a lo iye ìgbà tí àwọn mìíràn tọ́ka sí wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Eugene Garfield ní Philadelphia ni ó tẹ ìwé atọ́ka àwọn ìtọ́kasí jáde ní ọdún 1964, kí ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ kan lè mọ àwọn tí ó tún lò ó lẹ́yìn náà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ ìwọ̀n kan tí a ń fi wo agbára ìwé ìròyìn, kí àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé lè mọ èyí tí ó yẹ kí wọ́n rà. Garfield fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí a má fi ìwọ̀n ìwé ìròyìn wọn ènìyàn. Ní ọdún 2005 Jorge Hirsch, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ físíìsì, mú òmíràn wá: ẹni tí ó ní àpilẹ̀kọ 20, tí a tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 20 ó kéré tán, òǹkà rẹ̀ jẹ́ 20. Ó gbọ́n lójú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò náà wò. Bí ènìyàn bá kọ àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo, tí gbogbo ayé sì tọ́ka sí i ní ìgbà 10,000, òǹkà rẹ̀ jẹ́ 1. Ẹni tí ó kọ ewé 20 tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ 20 sì tọ́ka sí wọn ti fi ìlọ́po 20 jù ú lọ. Nígbà tí ó di oṣù kejìlá ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ péjọ ní San Francisco, wọ́n sì kọ ìwé pé kí a jáwọ́ nínú fífi òǹkà ìwé ìròyìn yan ẹni tí a ó gbà sí iṣẹ́ tàbí tí a ó fún lówó. Àwọn tí ó dá ọjà náà sílẹ̀ ń kó ọjà wọn kúrò, àwa ń sáré lọ nájà!

Ohun tí òǹkà ń bí kò sì jìnnà sí wa. Àwọn ìwé ìròyìn ti jáde tí kò béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ̀wé ju owó lọ. San owó, a ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ti ń ta àpilẹ̀kọ tí a ti kọ tán, kí olówó kàn fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ní ọdún 2023 nìkan, àpilẹ̀kọ ìwádìí tí àwọn tí ó tẹ̀ wọ́n fa padà ní gbogbo ayé ju 10,000 lọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, a ti rí irú èyí ní kékeré: a sọ ní ọdún kan pé a ó fún àwọn tí ìwé ìmúra-ẹ̀kọ́ wọn bá nípọn jù ní máàkì, láìpẹ́ gbogbo wọn ń da ìwé ara wọn kọ títí di ọ̀gànjọ́ òru, àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń kọ́ kò sì mọ̀ ju ti àná lọ. Ẹ̀bi náà wà lórí àwa tí a ṣe òfin, a sì yí òfin náà padà.

A kò sọ pé kí a má kọ̀wé. Bí a bá sọ bẹ́ẹ̀, a ti pa irọ́. Kí Burkitt tó dé Uganda, Albert Cook ti dá ilé ìwòsàn Mengo sílẹ̀ ní ọdún 1897, ó sì ti rí àwọn ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú, ó sì kọ wọ́n sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Inú àpótí ni àkọsílẹ̀ náà wà fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Àwọn ìyá tí ó gbé ọmọ wọn wá mọ àìsàn náà kí oníṣègùn kankan tó mọ̀ ọ́n. Àwọn bàbá wa pẹ̀lú mọ ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n kó wọ ibojì, a sì ń ráhùn nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí lóṣooṣù. Títẹ̀ jáde ṣe pàtàkì. Ohun tí a ń bá jà ni pé kí a wo ewé igi láìwo èso.

Ẹ wo Ìbàdàn. Ní ọdún 1960, ní ilé ìwòsàn ńlá ti University College, a dá ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Edington àti Maclean tẹ ìròyìn ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ láti ọdún 1960 dé 1963 jáde ní ọdún 1965. Láti inú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ti mọ̀ pé àìsàn Burkitt ni olórí láàárín jẹjẹrẹ àwọn ọmọdé wa nígbà náà. Ọmọ ilẹ̀ wa, A. O. Williams, wádìí irú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àìsàn náà mú ní Ìbàdàn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1966. Ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ ni, nítorí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS a máa ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti àdúgbò aláìsàn kọ̀ọ̀kan sínú ìwé náà, láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù? Àwọn akọ̀wé ni. Nínú òǹkà tí a fẹ́ gbà yìí, òfo ni wọ́n. Bí akọ̀wé bẹ́ẹ̀ bá ní ọmọ tí ó fẹ́ tẹ̀lé iṣẹ́ náà, a ó ní kí ó lọ mú àpilẹ̀kọ wá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé a kórìíra ẹni tí ìwé rẹ̀ pọ̀. Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ àlùfáà Anglican, tí ó gba oyè ìṣègùn ní Ìbàdàn ní ọdún 1980, tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Chicago, ìwé rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. Ní ọdún 2005 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ kan. Ní ọdún 2018, òun àti àwọn oníṣègùn Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn mìíràn tẹ ìwádìí kan jáde lórí obìnrin ilẹ̀ wa tí ó ju 1,100 lọ, tí jẹjẹrẹ ọmú mú. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́jọ ni ó jogún àbùkù kan nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé rẹ̀ tí ó fa àìsàn náà. Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí: bí ó bá mú ìyá, ó ṣeé ṣe kí a yẹ ọmọbìnrin àti àbúrò rẹ̀ obìnrin wò kí ó tó mú wọn. Mélòó nínú àwọn agboolé wa ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní èdè tí wọ́n fi ń gbàdúrà? Ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń sọ pé àjẹ́ ilé ni, wọ́n sì ń lé ìyá arúgbó jáde.

A mọ̀ pé wọn yóò dáhùn pé, bí a kò bá kà, ta ni yóò dájọ́, àwọn onídàájọ́ kò ha lè ṣègbè? Wọ́n lè ṣègbè, wọ́n sì lè ṣìnà. Wọ́n fún Fibiger ará Denmark ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1926 nítorí aràn tí ó ní ó ń fa jẹjẹrẹ ikùn eku, irọ́ sì ni ó já sí; Yamagiwa ará Japan, tí òun àti Ichikawa fi ọ̀dà èédú kun etí ehoro títí jẹjẹrẹ fi hù níbẹ̀ ní ọdún 1915, kò rí nǹkan kan gbà. Peyton Rous kọ ọ́ ní ọdún 1911 pé fáírọ́ọ̀sì ń fa jẹjẹrẹ nínú adìẹ. Ọdún 1966 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn, ó ti di ẹni ọdún 87. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ka iṣẹ́ kan tí ó sì ṣìnà, a lè bá a jiyàn, a lè ní kí ó wá sọ ìdí. Òǹkà kò ní etí.

Nítorí náà àbá tiwa nìyí, a ó sì fi lé akọ̀wé Ẹgbẹ́ lọ́wọ́ kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé. Kí olúkúlùkù tí ó bá ń wá ọlá tàbí owó Ẹgbẹ́ mú iṣẹ́ mẹ́ta péré wá, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kà sí pàtàkì jù, ìbáà ṣe àpilẹ̀kọ, ìbáà ṣe àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, ìbáà ṣe àwòrán ilẹ̀ bíi ti Burkitt. Kí a yan ènìyàn mẹ́ta tí ó mọ iṣẹ́ náà, tí kò sì bá a tan, kí wọ́n kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n fọwọ́ sí ìdájọ́ wọn, kí a sì tẹ ìdájọ́ náà síhìn-ín kí gbogbo ọmọ Ẹgbẹ́ rí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣègbè, ojú gbogbo ayé ni yóò ti ṣe é. Lẹ́yìn èyí, kí olúwarẹ̀ dìde níwájú wa, kí ó sọ ohun tí ó rí ní èdè Yorùbá, fún ìdajì wákàtí, kí àwọn olóyè àti àwọn ìyá ọjà bi í léèrè. Àwọn kan yóò ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni ó wá sọ jẹjẹrẹ ní orúkọ? A ti fi èdè kan náà sọ ti Burkitt àti fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr nínú ojú ìwé yìí, bí ó bá sì ní ibi tí kò yé yín, kí ẹ kọ̀wé sí wa, a ó tún un sọ ní oṣù tí ń bọ̀.